Súbù tó ń kùn, béèsì tó ń bú lójú kan: iṣẹ́ kan nínú pálọ̀ ní Bódìjà

Pálọ̀ náà gùn ní mítà 4.2, ó fẹ̀ ní mítà 3.6, àjà rẹ̀ sì ga tó mítà 2.9. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri, táìsì ni ilẹ̀, PVC ni àjà, fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń fà ni wọ́n fi sí i. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo orin ilé wà: jùjú, fújì, àpàlà, pẹ̀lú fíìmù àwọn ọmọ. Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, orí tábìlì ni wọ́n gbé e sí. Ohùn ń ti ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ sínú áńpù kékeré kan tó jẹ́ class D (irú áńpù òde òní tó kéré, tí kì í jẹ iná púpọ̀), tó ń lo ádápítọ̀ 24V. Áńpù yìí ló ń gbé sípíkà méjì, tí wúfà (ojú tó ń gbé béèsì jáde) inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ínǹṣì 5. Onílé wá lọ sí ọjà ẹ̀rọ ní Queen Cinema, ó ra subwoofer (súbù, ìyẹn sípíkà tó wà fún béèsì, ohùn tó lọ sílẹ̀ jù, nìkan) tòkunbọ̀ oní-ínǹṣì 10 tó ní áńpù tirẹ̀ nínú. Láti ọjọ́ tí súbù ti wọlé ni wàhálà ti dé.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n fi kàn án. Ó ń kùn, bí orin kò tilẹ̀ sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti so ó, ohùn sípíkà ọ̀tún àti ti òsì ti di ọ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, béèsì rẹ̀ kò dọ́gba: ohùn kan yóò bú débi tí fèrèsé ń mì, èyí tó tẹ̀ lé e yóò sì pòórá. Wọ́n ti ń gba onílé nímọ̀ràn pé kó pààrọ̀ rẹ̀, kó ra oní-ínǹṣì 12 tí wọ́n kọ 1000W sí lára. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ẹ̀bi súbù náà. Èyí tó tóbi jù ú lọ ì bá kùn jù ú lọ, ì bá sì bú jù ú lọ.

Iye fóòtì

Ẹ̀yìn súbù ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà orin kankan. 230V, 50Hz ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí náà kò sí ewu. (Hz ni iye ìgbà tí iná tàbí ohùn ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.) Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà dé máa ń jẹ́ 120V, 60Hz, ti Japan sì máa ń jẹ́ 100V. Bí ẹ bá ki irú ìyẹn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí transformer tó ń dín iná kù, tí orí bá bá yín ṣe é, fíúsì nìkan ni yóò jó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kapásítọ̀ inú rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́) ló máa bú. Àwọn kan ní súìṣì 115/230 lẹ́yìn. Ẹ fojú ara yín rí i pé 230 ló wà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á. Fún súbù tó ń fa 300W, transformer 500VA ni kí ẹ wá, kó má baà máa gbóná.

Kíkùn

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, torí ohun tó ń fa kíkùn kì í sábà wà níbi tí ohùn ti ń jáde.

Wọ́n yọ wáyà RCA, ìyẹn wáyà tó ń gbé orin wọlé, kúrò lẹ́yìn súbù, wọ́n fi súbù sílẹ̀ lórí iná. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyẹn ti yọ súbù kúrò nínú ẹjọ́. Ká ní ó ṣì ń kùn ni, kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ni wọn ì bá máa yẹ̀ wò. Wọ́n dá wáyà padà, àmọ́ dípò kọ̀ǹpútà, fóònù tí kò sí lórí ṣájà ni wọ́n fi sí ẹnu kejì. Orin jáde, kò sí kíkùn. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sí i: yùùùn. Àárín kọ̀ǹpútà àti súbù ni ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. (Ẹ má fi wáyà tí ẹnu kejì rẹ̀ ń fì lásán dán an wò o. Wáyà tí kò so mọ́ nǹkan kan máa ń gbé kíkùn láti inú afẹ́fẹ́, yóò sì ṣì yín lọ́nà.)

Wọ́n yí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí AC, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan kan sùkúrù irin tí kò ní ọ̀dà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ẹnu kejì kan páìpù irin tó wọlẹ̀ lóde. Ó ka nǹkan bíi 110V. Èyí kò fi hàn pé wáyà iná fara kan àpótí kọ̀ǹpútà. Nínú power supply kọ̀ǹpútà, kapásítọ̀ kékeré méjì wà tó ń darí ariwo iná sínú ilẹ̀, ọ̀kan láti ara live (wáyà tó ń gbé iná wá), èkejì láti ara neutral (èyí tó ń dá a padà). Bí wáyà ilẹ̀, ìyẹn ẹ́ẹ̀tì, bá wà, ariwo náà á wọlẹ̀ lọ. Bí kò bá sí, irin àpótí náà á wà ní nǹkan bí ìdajì fóòtì ilé. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ta ẹni ṣín-ín tí ẹsẹ̀ lásán bá wà lórí táìsì tí ọwọ́ sì kan ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Iná náà kò tó nǹkan, àmọ́ ọ̀nà ló ń wá. Nígbà tí wọ́n so RCA mọ́ ọn, ara bébà irin tó yí wáyà náà ká ló gbà kọjá lọ sínú súbù. Súbù sì rèé, iṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe é fún ni pé kó gbé irú 50 Hz bẹ́ẹ̀ sókè.

Ẹlẹ́tíríṣíànì pa breaker, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà méjì péré ló bá níbẹ̀, pupa àti dúdú. Ojú ihò ẹ́ẹ̀tì ṣófo, sùkúrù rẹ̀ ṣì ń dán bíi tọjọ́ tí wọ́n rà á. Gbogbo púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta inú pálọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan ti kọ́kọ́ ta àpótí kékeré kan fún onílé, èyí tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, pé òun ló máa pa kíkùn. Ó pa á lóòótọ́, àmọ́ ó pa béèsì pẹ̀lú. Transformer kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀. Irin àárín àwọn tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú kéré gan-an, kò sì lè gbé ohùn tó lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá tán. Láti nǹkan bí 50 Hz lọ sísàlẹ̀, ohùn á máa rọ̀, á sì máa gbó. Fún sípíkà kékeré, ẹ lè má mọ̀. Fún súbù, ibi tó ń jẹ yẹn gan-an ni iṣẹ́ súbù wà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju isolator lọ, èyí tí wọ́n bá kọ sí lára pé ó ń gbé 20 Hz ni kí ẹ rà, kì í sì í pọ́ọ́kú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì kúrò kí kíkùn lè lọ, ẹ má gbọ́. Lọ́jọ́ tí live bá fara kan irin nínú ẹ̀rọ náà, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná á gbà wọlẹ̀.

Ọ̀pá bàbà oní-mítà 1.2 ni ẹlẹ́tíríṣíànì kàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n yàn nítorí ọ̀gbẹlẹ̀: bí ilẹ̀ pupa wa bá gbẹ, kì í gba iná dáadáa mọ́, ẹ́ẹ̀tì tó ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹfà lè máa ṣojú ayé lásán nígbà ọyẹ́. Láti ibi ọ̀pá, ó fa wáyà aláwọ̀ ewé òun ìyeyè oní-6 mm² lọ sí ibi àwọn breaker, láti ibẹ̀ ó fa oní-2.5 mm² dé àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Ó tún fi breaker tó ń já bí iná bá ń sá wọlẹ̀ sí i, oní-30 mA, nítorí ọ̀pá nìkan kì í sábà fa iná tó tó láti já breaker lásán. Lẹ́yìn èyí, 110V tí mítà kà tẹ́lẹ̀ wálẹ̀, kò tó 1V mọ́.

Kíkùn dínkù gidigidi, àmọ́ ó ṣẹ́ ku díẹ̀, tí ènìyàn bá fi etí sún mọ́ súbù. Súbù wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kọ̀ǹpútà wà lórí òmíràn lódìkejì yàrá, fóòtì tó wà lórí ẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba pátápátá. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà, áńpù àti súbù sórí ẹ́kísítẹ́ńṣàn kan ṣoṣo tó ní ẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ló parí rẹ̀.

Ọ̀nà tí ohùn máa gbà

Ẹ̀sùn kejì, pé ọ̀tún àti òsì di ọ̀kan náà, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó kọ́kọ́ so súbù mọ̀ pé súbù ò nílò ọ̀tún àti òsì, ló bá bó wáyà méjèèjì, ó lọ́ wọn pọ̀, ó sì fi ọ̀kan yẹn bọ inú súbù. Àmọ́ ihò kan náà ni sípíkà ti ń gba ohùn. Bí ọ̀tún bá ti fara kan òsì níbì kan, gbogbo ibi ni wọ́n ti fara kanra, àwọn ìjáde méjèèjì nínú kọ̀ǹpútà á sì máa ti ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n pọ̀ láti ihò kan ṣoṣo, resistor (ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́nà díẹ̀) 1 kΩ méjì ló ń ṣe é: ẹ fi ọ̀kan sí ọ̀nà ọ̀tún, ọ̀kan sí ọ̀nà òsì, ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ ti so pọ̀ lọ sínú súbù. Orí jáàkì tó jẹ́ mono (ọ̀nà ohùn kan) náà kò dára nínú ihò stereo (ọ̀tún àti òsì), torí ó máa ń so ọ̀tún mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ohùn ọ̀tún á sì kú.

Súbù yìí ní ibi tí wọ́n ti lè so wáyà sípíkà wọlé, ọ̀nà tó sì rọrùn ni fún áńpù àtijọ́. Fún áńpù class D kékeré bí èyí, ó léwu. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnu dúdú sípíkà kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì, ohùn ń jáde níbẹ̀ bó ṣe ń jáde ní ẹnu pupa. Nínú ọ̀pọ̀ súbù, ẹnu dúdú méjèèjì so mọ́ra, wọ́n sì so mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹ ti so ìdajì áńpù mọ́lẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jó lójú ẹsẹ̀.

Ihò aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni wọ́n yàn. Òun ló wà fún sípíkà àárín àti súbù. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ju pínpín ihò aláwọ̀ ewé sí méjì lọ ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè gba béèsì kúrò lọ́rùn sípíkà kékeré. Wúfà ínǹṣì 5 tí wọ́n ní kó gbé 40 Hz á kàn máa fì síwá sẹ́yìn, ohùn olórin á sì máa gbọ̀n lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyẹn, òun náà á tún lè ké sókè.

Wáyà tó ní jáàkì 3.5 mm lẹ́nu kan, RCA méjì lẹ́nu kejì, tó gùn ní mítà 5, ni wọ́n lò. RCA kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló ń bọ́ sínú súbù. Ìkejì, téèpù ni wọ́n fi dì í. Orí ring (òrùka tó wà láàárín jáàkì) ni súbù sábà máa ń wà, tí tip (ṣóńṣó rẹ̀) sì jẹ́ ti sípíkà àárín, àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà kan pààrọ̀ wọn. Nínú Control Panel, ẹ lọ sí Sound, ẹ tẹ sípíkà, ẹ tẹ Configure, ẹ yan 5.1 (ètò sípíkà márùn-ún pẹ̀lú súbù kan), kí ẹ wá tẹ àwòrán súbù. Bí súbù bá fèsì, ó tọ́. Bí àwòrán sípíkà àárín ló ń jẹ́ kó fèsì, ẹ pààrọ̀ RCA. Ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ẹ mú àmì kúrò lórí sípíkà àárín àti ti ẹ̀yìn tí ẹ ò ní.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró síbẹ̀, wọ́n á wá máa sọ pé súbù ò dún. Orin lásán ọ̀tún-òun-òsì ni, kò ní ohùn kankan fún súbù nínú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gé béèsì kó gbé e síbẹ̀. Àwọn dráífà (ètò tó ń darí ohùn nínú kọ̀ǹpútà) kan ń ṣe é, èyí kò ṣe é. Equalizer APO, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń tún ohùn ṣe, ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì kọ èyí sínú fáìlì config.txt rẹ̀ (L ni òsì, R ni ọ̀tún; HP ń gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz, LP ń gé ohun tó wà lókè rẹ̀):

Preamp: -6 dB
Copy: SUB=SUB+0.5*L+0.5*R
Channel: L R
Filter: ON HP Fc 80 Hz
Filter: ON HP Fc 80 Hz
Channel: SUB
Filter: ON LP Fc 80 Hz
Filter: ON LP Fc 80 Hz

Ìlà Filter kọ̀ọ̀kan ń gé ohùn ní 12 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó) fún octave kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí Hz bá di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè di 24. Ìlà Copy gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí bí ẹ bá ti gé béèsì kúrò lára L àti R, kò sí ohun tí ẹ máa dà kọ sí SUB mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré bá ń sọnù nínú fíìmù 5.1, ohùn àárín ni kò rí ọ̀nà jáde; ẹ fi Copy: L=L+0.7*C R=R+0.7*C sókè ìyẹn. Lẹ́yìn súbù, ẹ yí crossover rẹ̀ (bọ́tìnì tó ń yan ibi tí súbù ti ń gé ohùn) dé òpin, ìyẹn 160 Hz lórí èyí, kó má baà tún gé ohun tí kọ̀ǹpútà ti gé. Fọ́líùmù áńpù, ẹ fi sójú kan kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ti kọ̀ǹpútà ni kí ẹ máa yí, kí súbù àti sípíkà lè jọ máa gòkè jọ máa sọ̀ kalẹ̀.

Ohùn kan tó ń bú

Ẹni tó bá gbọ́ jùjú nínú pálọ̀ yìí á rò pé gìtá béèsì ní okùn kan ṣoṣo. Okùn tó nípọn jù lára rẹ̀, E, ń dún ní 41 Hz. Ẹ wá wo yàrá. Bí oru bá mú tó 30°C, ohùn ń sáré ní nǹkan bíi mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in sí ìlọ́po méjì gígùn yàrá, ìyẹn 8.4: ó jẹ́ 41.5 Hz. Okùn E àti gígùn pálọ̀ ti bára wọn mu. Ògiri búlọ́ọ̀kù kì í jẹ́ kí béèsì jáde bíi ti ògiri pákó, ṣe ló ń dá a padà. Wọ́n wá gbé súbù sí kọ̀rọ̀, níbi tí gbogbo irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ń gba agbára jù, àga ìjókòó sì fẹ̀yìn ti ògiri kejì, níbi tí etí ti ń gbọ́ ọ jù.

Wọ́n gbé súbù kúrò ní kọ̀rọ̀ lọ sí àárín ògiri gígùn, mítà 2.1 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní àárín gan-an, ìgbì 41 Hz yẹn kò ní agbára, súbù tó bá wà níbẹ̀ kò sì lè tì í. Àga ìjókòó, wọ́n fà á síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 60. Bí kò bá sí àyè láti ṣe ìṣirò, ẹ gbé súbù sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi gìtá béèsì tó ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ sí i, kí ẹ wá rákò yí yàrá ká pẹ̀lú etí nílẹ̀. Ibi tí gbogbo ohùn bá ti dọ́gba jù ni kí ẹ gbé e sí. Ó dàbí eré ọmọdé, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó ṣẹ́ kù lára bíbú náà, ìlà kan ní ìsàlẹ̀ SUB, tó ń dín àyíká 41 Hz nìkan kù, ló pa á: Filter: ON PK Fc 41 Hz Gain -6 dB Q 5. Gígé nìkan ni kí ẹ máa ṣe. Ibi tí ohùn ti pòórá nínú yàrá, bí ẹ bá fi 10 dB kún un, áńpù súbù ló máa jìyà rẹ̀, etí ò ní gbọ́ ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ni phase, ìyẹn bóyá súbù àti sípíkà ń tì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan jókòó sórí àga, ẹlòmíràn dúró ti súbù, wọ́n fi ohùn 80 Hz gbọọrọ sí i, ẹni tó dúró ń yí súìṣì 0/180 síwá sẹ́yìn. Èyí tó bá pariwo jù ló tọ̀nà, torí ní 80 Hz súbù àti sípíkà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n sì lè máa pa ara wọn. Níhìn-ín, 180 ló borí. Gain, ìyẹn bí súbù ṣe máa ké tó, ló kẹ́yìn: láti òdo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sókè títí etí fi mọ̀ pé súbù wà níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ápù fóònù wọn ariwo, ìwọ̀n C (C-weighting) ni kí ẹ yí i sí, ẹ má lo ìwọ̀n A. Ìwọ̀n A máa ń yọ 30 dB kúrò lára 50 Hz, á sì máa sọ fún yín pé béèsì ò sí nígbà tí ilé ń mì.

Ariwo kan ṣì kù tó dà bíi pé súbù ti ya: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ní nǹkan bí 35 Hz. Wọ́n jẹ́ kí ohùn yẹn máa dún, wọ́n sì ń fọwọ́ tẹ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: àjà PVC, fèrèsé, irin ojú fèrèsé. Nígbà tí ọwọ́ kan gíláàsì ṣọ́kéèsì, ó dákẹ́. Rọ́bà tín-ínrín ní ojú ibi tí gíláàsì ń gbà yọ́ ló parí ìyẹn.

Iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ àti ìńfátà

Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ máa kọ́kọ́ tàn, áńpù àti súbù tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń pa á, súbù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bí ẹ bá yí ètò yìí padà, súbù máa ń sọ gbì, irú gbì bẹ́ẹ̀ sì ń ba ojú wúfà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lórí I-better-pass-my-neighbour, ẹ má gbé gain sókè. Bí béèsì bá lu lẹ́ẹ̀kan, fóòtì á já wálẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ìńfátà tí kì í ṣe pure sine wave á jẹ́ kí transformer inú súbù máa kùn láti inú ara rẹ̀, kì í ṣe láti ojú wúfà. Kò sí wáyà tí ẹ lè pààrọ̀ tó máa mú ìyẹn kúrò.

Wọ́n kọ ipò gbogbo nǹkan sórí páálí kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: crossover 160, phase 180, gain ní ibi aago mẹ́wàá. Wọ́n tún da config.txt kọ sórí flash. Bí Windows bá ṣe update, ó lè dá 5.1 padà sí stereo tàbí kó yọ Equalizer APO kúrò lára dráífà. Àmì rẹ̀ ni pé súbù á ṣàdédé dákẹ́, sípíkà kékeré á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ padà sí Configure, ẹ yan 5.1, ẹ ṣí Configurator Equalizer APO, ẹ fi àmì sí iwájú ihò yẹn, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn.